Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Kí ni ẹsẹ̀ ń ṣe nídìí piano?

Kíbọ́ọ̀dù oníná tí wọ́n ń tẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Mowe, Ibafo àti Ifo, pẹ́dà kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á máa fà lọ. Ti piano gidi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú piano ńlá, okùn irin bíi 230 ló wà fún ibi títẹ̀ 88. Tìmùtìmù kékeré ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́nu mọ́. Pẹ́dà ọ̀tún ń gbé gbogbo tìmùtìmù yẹn sókè. Bí òòlù bá wá lu okùn kan, àwọn okùn tí ohùn wọn bá tiẹ̀ mu á gbọ̀n, wọ́n á sì dún, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ dán an wò: ẹ rọra tẹ dò kan láìjẹ́ kó dún, ẹ má gbé ìka kúrò, ẹ wá gbá dò ìsàlẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tètè fi í sílẹ̀. Tòkè á máa dún fúnra rẹ̀! (Àwọn kíbọ́ọ̀dù olówó ńlá kan ti ń sín in jẹ báyìí. Etí mi ṣì mọ̀ ọ́n yàtọ̀.)

Pẹ́dà òsì ń mú ohùn rọlẹ̀; ti àárín ń di kìkì èyí tí ọwọ́ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ mú.

Akin Euba (1935–2020), ọmọ Èkó tó kọ Scenes from Traditional Life, fẹ́ kí piano máa sọ̀rọ̀ bí ìlù ilẹ̀ wa. Nínú irú orin bẹ́ẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá pẹ́ jù lórí pẹ́dà, ìlù á dàrú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́, bí kọ́ọ̀dù bá ti yí, ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè.