Èròjà Irin, Ámínò Ásíìdì àti Ìwọ̀n Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Alátọ̀gbẹ

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé yìí ni pé: ǹjẹ́ lóòótọ́ ni oògùn irin àti ámínò ásíìdì ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ kù?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí àyẹ̀wò HbA1c ń wọ̀n. Ṣúgà a máa lẹ̀ mọ́ hemoglóbínì, èròjà tí ó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa. Sẹ́ẹ̀lì pupa a máa lò tó nǹkan bí 120 ọjọ́ láyé. Bí ó ti ń dàgbà sí i ni ṣúgà tí ó lẹ̀ mọ́ ọn ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì wà lára ohun tí à ń wọ̀n, yálà a fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí a kò fẹ́. Bí irin bá ṣọ̀wọ́n lára, sẹ́ẹ̀lì tuntun a dínkù, àwọn àgbà a sì pọ̀ jù. HbA1c a lè ga bí ṣúgà kò tilẹ̀ yí padà. Bí aláìsàn bá wá ń lo oògùn irin, sẹ́ẹ̀lì tuntun a tú jáde, iye náà a sì wálẹ̀. Ẹni tí kò fiyè sí i yóò ní irin ni ó ń wo àtọ̀gbẹ. Aboyún alátọ̀gbẹ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù: bí a bá tìtorí iye tí ó wálẹ̀ yìí dín ínsúlínì rẹ̀ kù, òun àti ọmọ inú rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ní èrò tiwa, ṣúgà gan-an ni kí a máa wọ̀n fún irú wọn, ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. (Ti ẹlẹ́jẹ̀ SS, tí ó pọ̀ láàrin wa, yàtọ̀: sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í sábà ju 20 ọjọ́ lọ, HbA1c rẹ̀ a sì máa kéré ju bí ó ti yẹ lọ.)

Irin àpọ̀jù kò sì dára. Nínú àrùn hemochromatosis, irin a máa ṣù jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti páńkíríásì tí ínsúlínì ti ń wá, a sì máa dá àtọ̀gbẹ sílẹ̀.

Ní ti ámínò ásíìdì, Floyd, Fajans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn ní 1966 pé bí a bá fà wọ́n sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ínsúlínì a tú jáde. Ṣùgbọ́n arginine, tí ó lágbára nínú wọn, a tún máa tú glucagon sílẹ̀, èyí tí ń gbé ṣúgà sókè. Ní 1969, Felig, Marliss àti Cahill rí i pé leucine, isoleucine àti valine pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó sanra jọ̀kọ̀tọ̀, tí ínsúlínì tiwọn pọ̀ ṣùgbọ́n tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.