Ẹ̀jẹ̀ Ìkọ̀kọ̀ Nínú Ìgbẹ́ Ajá

Ajá yín ń jẹun, ó ń gbó, síbẹ̀ ó ń rù. Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wò, èrìgì tó yẹ kó pọ́n ti funfun bí ẹ̀kọ. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ kò rí ẹ̀jẹ̀. Ẹ má tíì sọ pé kò sí níbẹ̀.

Bí ìfun ìsàlẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ ó rí i ní pupa. Bó bá jẹ́ ti òkè ni, ẹ̀jẹ̀ náà á ti dà mọ́ oúnjẹ kó tó jáde. Bó bá pọ̀, ìgbẹ́ á dúdú bí ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí títì. Bó bá kéré, ojú lásán kò lè rí i. Èyí ni àwọn dókítà ẹran ń pè ní occult blood. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹ̀jẹ̀ ìkọ̀kọ̀.

Láti wá a, wọ́n máa ń lo bébà tí wọ́n ti fi oje igi guaiac rẹ. Wọ́n á pa ìgbẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á sì kán hydrogen peroxide lé e, omi oògùn tó ń hó yẹn tí wọ́n fi ń fọ egbò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà níbẹ̀, á mú kí ọ́síjìn inú oògùn náà tètè ṣiṣẹ́ lára oje igi, bébà á sì di búlúù. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ìlú aró, ti mọ irú rẹ̀: aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án ló ń di aró gidi. Ọ́síjìn ló ń ṣe é nínú méjèèjì.

Àmọ́ bébà yìí kò mọ ẹ̀jẹ̀ ajá yàtọ̀ sí ti màlúù. Ajá tó jẹ ẹran àti egungun lẹ́yìn búkà ní Iléṣà lánàá lè sọ bébà di búlúù lónìí láìsí pé nǹkan kan ń ṣe é. Nítorí náà, fún ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó ṣàyẹ̀wò, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹran tàbí ẹja. Ẹ fún un ní iyán tàbí ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin sísè (ajá Ìjẹ̀ṣà wo ló máa kọ iyán?), kí ẹ sì so ó mọ́lẹ̀ kó má lọ sí ààtàn. Síso yìí ló le jù. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í jáde lójoojúmọ́, ẹ mú ìgbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá. Lójú tèmi, bébà tí kò yí padà rárá ló ṣeé gbára lé ju èyí tó di búlúù lọ.

Ẹ má sì ra irú àyẹ̀wò tuntun tó ń lo èròjà agbógunti àrùn, èyí tí wọ́n fi ń yẹ ènìyàn wò. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nìkan ni ìyẹn mọ̀.

Bí bébà bá di búlúù, kò sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti wá. Bó bá jẹ́ ọmọ ajá, hookworm ni mo máa kọ́kọ́ fura sí, aràn eléyín ìkọ́ tó ń so mọ́ ìfun, tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ajá tiẹ̀ lè gbà á láti inú wàrà ìyá rẹ̀. Dókítà á fi awò tó ń sọ kékeré di ńlá wá ẹyin aràn náà. Bó bá jẹ́ ajá àgbà, ẹ béèrè nínú ilé bóyá ẹnìkan fún un ní ibuprofen. Oògùn ìrora yẹn máa ń dá egbò sínú ajá.

Ẹ fi ọ̀rá wọ ọwọ́ bí ẹ bá ń kó ìgbẹ́ náà, kí ẹ sì wọ bàtà, torí ọmọ aràn eléyín ìkọ́ tó ti pa sínú ilẹ̀ lè gba awọ ẹsẹ̀ wọlé.