Ọmọ yín ti ń parí ìwé mẹ́wàá, ṣé ó mọ CV kọ?

Táwọn ọmọ bá ti ṣe ìdánwò WAEC àti NECO tán ní Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù, ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ jókòó sílé títí èsì yóò fi jáde. Wọ́n á wáṣẹ́ lọ sílé epo, sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Ohun tí wọ́n sì sábà máa ń béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ ni CV, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni téèyàn jẹ́, ibi tó ti kàwé àti ohun tó lè ṣe.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ọmọ á sáré lọ sí káfè, ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà á gbé CV ẹlòmíì jáde, á yí orúkọ inú ẹ̀ padà. Ọmọ ọdún 17 á wá máa gbé ìwé tó ní ó ti ṣiṣẹ́ ní báńkì kiri. Ìbéèrè kan péré látẹnu ọ̀gá, àṣírí ti tú.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́ wọn kó tó dọjọ́ náà. Ojú ìwé kan ti tó. Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ló máa ṣáájú. Orúkọ náà gbọ́dọ̀ bá ti WAEC àti NIN mu. Ilé ìwé tó lọ, ọdún tó wọlé, ọdún tó jáde àti èsì ìdánwò ló tẹ̀ lé e. Tí èsì ò bá tíì jáde, kó kọ ọ́ pé òun ń retí ẹ̀.

“Mi ò ṣiṣẹ́ rí, kí ni kí n kọ?” Ọmọ tó ń bá ìyá ẹ̀ tajà lọ́jà, tó ń ka ṣéńjì, tó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀, iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Èyí tó kọ́ aṣọ rírán nígbà ọlidé àtèyí tó jẹ́ olórí kíláàsì náà ní ohun tí wọ́n máa kọ. Òyìnbó ni wọ́n sábà fi ń kọ CV, àmọ́ ẹ ní kó kọ́kọ́ fi Yorùbá ròyìn ara ẹ̀ fún yín.

Ẹni méjì tó máa jẹ́rìí ẹ̀ ló kù: olùkọ́, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù. Kó tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kó tó kọ orúkọ wọn o.

Ẹ kìlọ̀ irọ́ fún un gidi. Lọ́dún 1999, Salisu Buhari tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá kọ̀wé fipò sílẹ̀ nítorí pé ó parọ́ ọjọ́ orí ẹ̀, ó sì ní òun gboyè ní Yunifásítì Toronto nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò lò tó oṣù méjì lórí àga náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

Kó má ṣe kọ nọ́ńbà NIN, BVN tàbí ti àkáǹtì sínú CV. Ẹni tó bá sì ní kó sanwó kó tó ríṣẹ́, gbájú-ẹ̀ ni, kó yáa sá fún un.