Ajá Tẹ́ríà Kékeré: Ǹjẹ́ Yóò Bá Ilé Yín Mu?

Ní Sùúrùlérè lónìí, láti Agúdà títí dé Ìjẹ̀ṣà, àti láti Ìtìrẹ́ títí dé Òpópónà Bọ̀dé Thomas, kì í ṣe ajá ìbílẹ̀ wa nìkan ni ènìyàn ń bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Àwọn ajá kéékèèké tí ìran wọn ti òkè òkun wá ti di ará ilé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀yà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tẹ́ríà. Ara rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ ń dán, ó sì máa ń wu ọmọdé púpọ̀. Nítorí èyí ni àwọn òbí mìíràn fi ń rà á fún ọmọ wọn nígbà ọdún Kérésìmesì láìbéèrè irú ẹ̀dá tí í ṣe. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, wọ́n ti so ajá náà mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tàbí kí wọ́n ti máa wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹni tí ń ronú àtira irú ajá bẹ́ẹ̀, kí owó tó jáde lápò rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní mímọ̀ ni iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ sin ajá náà. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ èdè Látìnì kan tí ó túmọ̀ sí ilẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wọ inú ihò ilẹ̀ lọ bá ẹranko tí ó sá pamọ́ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ England àti Scotland, àwọn ọdẹ ń fi í lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jáde, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi í pa eku inú abà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Yorkshire Terrier jẹ́ ajá àwọn ahunṣọ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òwú ní ìhà àríwá England ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sí i sẹ́yìn. Ní ọdún 1870 ni orúkọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ ọn lára. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju kílò 3 lọ, èyí tí kò tó ìwọ̀n àkùkọ adìẹ ńlá kan. Jack Russell tóbi jù ú lọ díẹ̀, ó jẹ́ kílò 5 tàbí 6. Orúkọ àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà kan, John Russell, ni a fi pè é. Ọkùnrin náà gbé ayé láti ọdún 1795 di ọdún 1883, ọdẹ ṣíṣe sì wọ̀ ọ́ lára bí ìwàásù. Ìgbà tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford ní ọdún 1819 ni ó ra abo ajá tí ó fi bẹ̀rẹ̀ ìran náà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé tẹ́ríà wọlé gbé ọdẹ wọlé ni, bí ó ti wù kí ọdẹ náà kéré tó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Yorkshire Terrier kan wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Smoky. Kò wọ̀n tó kílò 2. Ní ọdún 1945, ní erékùṣù Luzon ní orílẹ̀-èdè Philippines, ó fa okùn wáyà tẹlifóònù gba inú páìpù tóóró kan kọjá lábẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Ajá náà parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ tí ìbá gba àwọn ènìyàn ní ọjọ́ púpọ̀, tí wọn ìbá sì máa gbẹ́ ilẹ̀ lójú ọ̀tá. Ṣùgbọ́n ọkàn kan náà tí ó mú un wọ inú páìpù ni yóò mú tẹ́ríà tí kò ríṣẹ́ ṣe hú gbogbo ewébẹ̀ tí ìyàwó ilé gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Àwọn kan lè wí pé ọdẹ eku gan-an ni Èkó ń fẹ́. Òótọ́ ni pé eku ní ìtàn tirẹ̀ nínú ìlú yìí. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, ni ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó ní ọdún 1955, tí ó sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Eku pàápàá bá wọn lọ, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀. Láti ọdún 1969 tí a ti mọ ibà Lassa ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ẹ̀rù eku tún pọ̀ sí i. Síbẹ̀, tẹ́ríà kò lè rọ́pò ìdérí ìkòkò àti ibi ìdalẹ̀nù tí ó mọ́. Eku tí ó ti jẹ májèlé lè pa ajá tí ó bá jẹ ẹ́, ìtọ̀ eku sì ń gbé àrùn tí ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ti ajá àti ti ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ajá òun máa pa eku níláti rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára sí àrùn yìí pẹ̀lú.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ kan ilé fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Sùúrùlérè ni ayálégbé mẹ́fà sí mẹ́jọ ti ń gbé pọ̀, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Tẹ́ríà a máa gbó. Yóò gbó bí ẹnìkan bá ṣí géètì, yóò gbó bí ọmọ aláta bá kígbe ọjà, yóò sì gbó bí ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò bá bẹ̀rẹ̀ sí ké ní òru. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì tí ó ṣiṣẹ́ òru wà ní yàrá kejì, tí í sùn lọ́sàn-án. Ó ṣeé ṣe kí Àlàájì kan wà ní yàrá kẹta, tí kò fẹ́ kí ajá fi ẹnu kan abọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀sìn rẹ̀ ní kí a fọ irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà méje. Bí onílé bá wá wí pé, “Ìyá Bọ̀sẹ̀, a kò bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ ajá nígbà tí ẹ ń gba yàrá,” èsì kan ṣoṣo tí ó kù ni, “Ẹ má bínú, Bàbá, ọmọ ló ń yọ mí lẹ́nu.” Èsì yẹn kì í tó. Ó sàn kí a tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, kí a sì wí fún àwọn ará ilé, kí ajá tó dé ju ìgbà tí ó bá dé tán lọ. Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀ pẹ̀lú ọgbà níláti yẹ ìsàlẹ̀ géètì wò, nítorí àlàfo tí ó gba orí tẹ́ríà yóò gba gbogbo ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ni àkókò. Òṣìṣẹ́ tí ó jáde ní aago márùn-ún àárọ̀ láti lọ sí Erékùṣù, tí ó sì tún sé sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí di aago mẹ́jọ alẹ́, kò ní wákàtí kan láti fi bá ajá rìn, bẹ́ẹ̀ sì ni Jack Russell ń fẹ́ tó wákàtí kan lójoojúmọ́. Ìdajì rẹ̀ lè tó Yorkshire. Ìrìn náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ní ọ̀sán, nítorí ọ̀dà títì a máa jó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Kí oòrùn tó mú tàbí lẹ́yìn tí ó bá rọ̀ ni kí ó jẹ́. Irun Yorkshire kì í dúró lójú kan, ńṣe ni ó ń gùn bí irun orí ènìyàn, ó sì ń fẹ́ yíyà lójoojúmọ́. Nínú ooru Èkó, gígé e mọ́lẹ̀ dára jù. Ta ni yóò máa ṣe èyí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ “ọmọ wa,” kí òbí rántí pé irú ajá yìí lè pẹ́ láyé tó ọdún 13 sí 16. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹrin nísinsin yìí lè ti gboyè ní yunifásítì, kí ó ti ṣègbéyàwó, kí ajá náà sì ṣì máa béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ní ti ọmọ ọwọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìṣọ́ra níláti pọ̀. Ajá tí ó wọn kílò 3 lè kán lẹ́sẹ̀ bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Tẹ́ríà kò sì fẹ́ kí a fa ìrù òun tàbí kí a mú oúnjẹ lẹ́nu òun, ó sì lè bu ọmọ jẹ. Kò yẹ kí a fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá láìsí àgbàlagbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni dìgbòlugi. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ajá tí ó lè sùn nínú apẹ̀rẹ̀ kò lè kó irú àrùn bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ńlá sì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn nínú nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lára ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú àwọn tí ajá ń bù jẹ. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, kò sí ìwòsàn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta, ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ dókítà ẹranko, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún, kí a sì tọ́jú káàdì rẹ̀. Ní Vom, nítòsí Jos, ilé ìwádìí àrùn ẹranko tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1924 ń ṣe abẹ́rẹ́ náà ní orílẹ̀-èdè yìí.

Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tàbí bí ó bá fi eyín ha á lásán, ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni kí a kọ́kọ́ sáré lọ bá. Kí a fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Kí a má ṣe fi ata, epo pupa tàbí irun ajá náà dí i. Lẹ́yìn èyí, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí dókítà pinnu iye abẹ́rẹ́ tí ó yẹ. Ajá náà kò sì yẹ ní pípa kí a sọ ọ́ nù. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a so ó, kí a sì máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí dókítà ẹranko sì gbọ́. Bí ó bá kú tàbí tí ìwà rẹ̀ bá yí padà láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ìròyìn náà lè gba ọmọ là.

Ẹni tí gbogbo èyí kò bà lẹ́rù lè wá máa wo ibi tí yóò ti rà á. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò tíì yẹ ní gbígbà lẹ́nu ọmú. Kí olùrà béèrè láti rí ìyá rẹ̀. Kí ó wo ojú, etí àti ìdí ọmọ ajá náà, nítorí ìgbẹ́ gbuuru olómi tàbí ẹlẹ́jẹ̀ lè jẹ́ àmì àrùn tí ń pa ọmọ ajá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ajá inú agolo tàbí apẹ̀rẹ̀ létí títì, tí ẹni tí ń tà á kò ní káàdì kankan, olówó pọ́ọ́kú ni lójú, ṣùgbọ́n owó dókítà rẹ̀ lè ju owó rẹ̀ lọ. Ní ti oúnjẹ, ọbẹ̀ alálùbọ́sà kò dára fún ajá, bẹ́ẹ̀ ni ṣokoléètì àti egungun adìẹ sísè tí ń fọ́ sí ṣóńṣó-ṣóńṣó. Ọmọ Yorkshire kò sì lè fi ebi sùn bí ajá ńlá, bí oúnjẹ bá pẹ́ jù, ó lè dákú. Eégbọn pẹ̀lú wà, tí ń gbé àrùn ẹ̀jẹ̀ kiri, a sì níláti máa wá inú irun rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni tẹ́ríà yẹ. Ẹni tí ó ń wá olùṣọ́ yóò rí i pé tẹ́ríà lè jí onílé, ṣùgbọ́n kò lè dá olè dúró. Ajá ìbílẹ̀ wa, tí àwọn ọdẹ ti ń bá rìn láti ayébáyé, mọ oòrùn wa, kò ń fẹ́ yíya irun, ó sì ń jẹ ohun tí ó kéré. Òun pẹ̀lú ń fẹ́ abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bákan náà. Opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ, tàbí òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ní yàrá tirẹ̀ àti àárọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ni Yorkshire lè bá mu jù lọ. Ìdílé tí ó ní ọgbà àti àwọn ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ wọn yá lè gba Jack Russell.

Ọ̀nà kan wà tí kò náni lówó láti dán ara ẹni wò. Fún ọjọ́ méje, kí ìdílé náà jí ní aago márùn-ún àbọ̀ àárọ̀, kí ẹnìkan nínú wọn rin ìrìn ìdajì wákàtí pẹ̀lú okùn lásán lọ́wọ́, kí òun náà tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì máa fi iye owó oúnjẹ ajá sínú kóló lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ keje bá pé tí wọn kò sì pa ọ̀kan jẹ, ó kù kí wọ́n lọ bá onílé sọ̀rọ̀.