Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn, Ẹsẹ̀ Àìsinmi àti Oorun Alẹ́

1.0 Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí ni ìbáṣepọ̀ tó lè wà láàrin oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìsàn kan tí a ó máa pè ní 'ẹsẹ̀ àìsinmi'. Ọ̀rọ̀ náà ṣe kókó nítorí pé àìróorunsùn wà lára àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúnra rẹ̀. Bí oògùn bá wá ń lé oorun lọ, ó rọrùn láti rò pé àìsàn ló ń le sí i, kí a sì fi kún oògùn tó ń fa wàhálà gan-an.

2.0 Àpèjúwe Àìsàn Náà

Thomas Willis, oníṣègùn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti mẹ́nu bà á ní ọdún 1672, ṣùgbọ́n Karl-Axel Ekbom, ará Sweden, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ ní kíkún ní 1945. Àmì mẹ́rin ni a fi ń dá a mọ̀:

(i) ẹsẹ̀ a máa ṣe aláìsàn bákan, bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, tí yóò fi di dandan fún un láti gbé e;
(ii) ìgbà tó bá jókòó tàbí tó bá dùbúlẹ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀;
(iii) bí ó bá dìde rìn, ara a tù ú;
(iv) ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó ń le jù.

Àwọn àmì wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí a kà á mọ́ pajápajá tàbí làkúrègbé.

3.0 Ipa Tí Oògùn Ń Kó

Ọ̀pọ̀ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń mú kí èròjà serotonin pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé èyí lè dín iṣẹ́ dopamine kù, bẹ́ẹ̀ sì ni dopamine wà lára ohun tó ń darí bí ara ṣe ń gbéra. Ọpọlọ nílò èròjà irin kí ó tó lè ṣe dopamine. Ìdí nìyí tí àìsàn yìí fi wọ́pọ̀ láàrin àwọn aboyún àti àwọn tí irin kò tó lára wọn.

Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde láti ilẹ̀ Jámánì ní 2008, a ṣàkíyèsí aláìsàn 271 tí wọ́n ń lo àwọn oògùn tuntun. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí 9 ni ẹsẹ̀ àìsinmi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu tàbí tó le sí i fún. Láàrin àwọn tó ń lo mirtazapine, iye náà tó 28. Èyí yani lẹ́nu, nítorí pé mirtazapine ni ọ̀pọ̀ dókítà ń yàn fún ẹni tí kò róorun sùn. Bupropion ní tirẹ̀, tí kò gba ọ̀nà serotonin ṣiṣẹ́, kò jọ pé ó ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹrù lé oògùn lórí. Ẹni tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù lè ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: èwo ló ṣáájú èkejì?

4.0 Ohun Tó Yẹ Ní Ṣíṣe

Kí dókítà tó kọ oògùn, ó yẹ kí ó bi aláìsàn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe é lóru. Bí ìyọnu bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oògùn, kí wọ́n fi ọjọ́ méjèèjì wéra, kí wọ́n sì yẹ irin inú ẹ̀jẹ̀ wò. Obì àti kọfí lálẹ́ lè pa kún un; bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn ara yíyún tó ń kunni lóorun, tí àwọn mìíràn ń lò láti fi sùn.

Aláìsàn kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró lójijì láìsọ fún dókítà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè gba ẹ̀mí, ẹsẹ̀ àìsinmi sì ṣeé tọ́jú. Dókítà lè dín oògùn kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀.

5.0 Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo àìsùn ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó ti ọkàn wá. Òmíràn ń ti ẹsẹ̀ wá, oògùn sì lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Bí a kò bá béèrè nípa ẹsẹ̀, aláìsàn lè má ronú láti sọ ọ́.