Irun Tó Ń Ká Padà: Bí A Ṣe Lè Gba Irun Orí Lọ́wọ́ Irin Gbígbóná

Ní Challenge, ní àárín ìgboro Ìlọrin, níbi tí ilé ìtajà ti fara kan ilé ìtajà, kò ṣòro láti rí irin ìnarun rà, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣòro láti rí onídìrí tí yóò fi í na irun ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Irin yìí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní sitirétínà, jẹ́ ohun èlò alábala méjì tí iná mànàmáná ń mú gbóná, tí wọ́n á fi há irun láàárín, tí wọ́n á sì fà láti ìdí irun dé ṣóńṣó rẹ̀. Tọ́ọ̀ngì tí wọ́n fi ń ká irun, dráyà tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, àti òòyà onírin tí wọ́n ń gbé kaná jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ooru ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́, ooru yìí kan náà ló sì ń ba irun jẹ́ bí ẹni tó dì í mú kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, ìmọ̀ ìwọ̀n yìí ló sì ṣọ̀wọ́n ju irin náà fúnra rẹ̀ lọ.

Kí ohun tí ooru ń ṣe tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí irun jẹ́. Irun tó ti yọ sókè láti inú awọ orí kì í ṣe ohun abẹ̀mí mọ́, nítorí náà kò lè wo ara rẹ̀ sàn bí awọ ṣe ń wo ojú egbò sàn. Purotéènì líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kératìn ló pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, èyí tó tún wà nínú èékánná ọwọ́ àti ìwo màlúù. Ní ẹ̀yìn fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ni ìpẹ́ wẹ́wẹ́ wà, tí wọ́n gun ara wọn bí páànù òrùlé, iṣẹ́ wọn sì ni láti bo inú irun àti láti sé omi rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Nínú lọ́hùn-ún ni àwọn okùn kératìn wà, tí oríṣi ìdè méjì pàtàkì so mọ́ ara wọn. Ìdè àkọ́kọ́ kò lágbára: omi lè tú u, ooru lè tú u, bí irun bá sì gbẹ tàbí tó tutù tán, yóò tún so padà ní ipò tuntun tó bá ara rẹ̀. Ìdè kejì, tí èròjà imí ọjọ́ dì mú, le gan-an, òun sì ni reláásà, kẹ́míkà ìnarun, máa ń já, ìdí nìyẹn tí irun tí wọ́n fi reláásà sí kì í fi í ká mọ́ títí tí wọn yóò fi gé e kúrò.

Irin gbígbóná kò bá ìdè kejì ṣe. Ìdè àkọ́kọ́ ló ń tú tó sì ń tún so, gẹ́gẹ́ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń mú àǹkárá tó rún jọ̀lọ̀. Bí òjò bá wá pa orí náà, tàbí tí òógùn mú un, ìdè yóò tún tú, irun yóò sì ká padà. Kíká padà yìí, tí ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń kà sí àbùkù, ni ẹ̀rí tó dára jù lọ pé ooru kò tíì ba irun náà jẹ́.

Ìbàjẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ooru bá ti kọjá ìdè àkọ́kọ́ lọ bá kératìn fúnra rẹ̀. Omi máa ń hó ní dígírì 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òṣùwọ̀n tí a ó máa lò títí dé òpin, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irin ìnarun tó wà lórí àtẹ lè gbóná dé dígírì 230. Nínú irun gbígbẹ, kératìn lè fara da ooru tó kọjá dígírì 200 kí ìrísí rẹ̀ tó dàrú pátápátá, àmọ́ nínú irun tútù, nǹkan bí dígírì 150 ti tó. Omi tó há sínú irun ló tilẹ̀ ń ṣe èyí tó burú jù, nítorí bí irin bá kàn án lójijì, yóò di èéfín, yóò fẹ̀, nígbà tí kò bá sì rí ọ̀nà jáde, yóò lu ihò wẹ́wẹ́ sínú fọ́nrán náà, débi pé lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi, inú irun yóò dà bí inú búrẹ́dì tó wú. Ní 1986 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú irun bẹ́ẹ̀, ìwádìí tó sì tẹ̀ lé e fi hàn pé tọ́ọ̀ngì tí ooru rẹ̀ kò ju dígírì 125 lọ lè fà á bí ó bá wà lórí irun fún ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, ìró “ṣìì” tí irin máa ń ṣe lórí irun, tí àwọn kan gbà pé ó jẹ́ àmì pé iṣẹ́ ń lọ, sábà máa ń jẹ́ omi tó ń hó, ó sì yẹ kó mú ọwọ́ onídìrí dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Irun adúláwọ̀ nílò ìṣọ́ra ju ti ẹlòmíràn lọ, kì í ṣe pé ó burú, bí kò ṣe pé ìrísí rẹ̀ yàtọ̀. Fọ́nrán rẹ̀ pẹlẹbẹ díẹ̀, kò rí roboto, ó sì ń lọ́ bó ṣe ń gùn. Ibi kọ̀ọ̀kan tó ti lọ́ ni ó ti rọrùn láti kán, òróró tí awọ orí ń sun kì í sì í tètè rìn dé ṣóńṣó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi reláásà tàbí aró sí i, ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí sílẹ̀ kí irin tó dé. Ní Ìlọrin, ọyẹ́ tún máa ń gba ọ̀rinrin kúrò lára irun bó ṣe ń mú ètè là, àsìkò ọyẹ́ yìí sì ni ayẹyẹ òpin ọdún máa ń gbé ọ̀pọ̀ obìnrin lọ sọ́dọ̀ onídìrí.

Irin gbígbóná kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí obìnrin. Tọ́ọ̀ngì tí Marcel Grateau fi ń ká irun ní Paris láti 1872 di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Madam C. J. Walker, tó kú ní 1919, wà lára àwọn tó jẹ́ kí òòyà onírin gbajúmọ̀ láàárín àwọn obìnrin adúláwọ̀ ní Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ló ṣe é sílẹ̀. Ní 1968, àwọn dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà ṣàkọsílẹ̀ orí pípá kan tó ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí àwọn obìnrin adúláwọ̀, wọ́n sì fi orúkọ òòyà gbígbóná pè é, àmọ́ nígbà tó yá, wọ́n rí i lára àwọn tí òòyà náà kò kan irun wọn rí, wọ́n sì yí orúkọ náà padà. Ìtàn yìí ń kọ́ni láti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Irun tó kán lójú ọ̀nà, tí ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú awọ, ni ooru sábà máa ń fà. Ṣùgbọ́n irun tó ń tán ní àárín orí, tí awọ ibẹ̀ sì ń dán, jẹ́ ọ̀rọ̀ dókítà awọ ara, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìpara tàn án fún oṣù púpọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí gbòǹgbò irun tó bá ti di àpá kì í hù mọ́.

Ààbò àkọ́kọ́ kò náni ní kọ́bọ̀: kí irun gbẹ dáadáa kí irin tó kàn án. Ìkánjú ni kì í jẹ́ kó ṣeé ṣe, pàápàá lọ́jọ́ tí oníbàárà mẹ́rin bá jókòó de onídìrí kan ṣoṣo, tí iná sì lè lọ nígbàkigbà. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ti ní ọ̀nà tí irun fi ń gbẹ tó sì ń nà pọ̀ láìsí iná kankan, ìyẹn irun kíkó. Wọ́n máa ń fi òwú dúdú wé ìdì irun kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó nígbà tí irun ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀, òwú náà yóò sì mú un nà bó ṣe ń gbẹ, tí ìdè tí omi ti tú yóò fi so padà ní nínà. Bí wọ́n bá tú òwú náà lọ́jọ́ kejì, irun tó ká mọ́ orí tẹ́lẹ̀ yóò ti gùn wá sílẹ̀, irin, bí wọ́n bá ṣì fẹ́ ẹ, kò sì ní nílò ju kó kọjá lẹ́ẹ̀kan ní ooru kékeré. J. D. ’Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán irun àwọn obìnrin ní 1968, fi irun olówùú hàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà ńlá, ìmọ̀ tó wà nínú irun náà kò sì kéré sí ẹwà rẹ̀. Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin ń ka òwú sí irun ọmọ ilé-ìwé tàbí irun ará oko, nígbà tó jẹ́ pé òun ni ó ní ewu tó kéré jù fún ẹni tó fẹ́ kí irun rẹ̀ nà, bí ẹni tó ń kó o kò bá ṣá ti fà á le jù, nítorí fífà ń ṣí irun iwájú orí nípò.

Ààbò kejì ni ìpara tàbí omi fífọ́n tí wọ́n ṣe fún ooru. Sílíkọ́ọ̀nù ló wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, lára ìgò ni wọ́n sì máa ń kọ orúkọ bíi dimethicone sí. Kì í dá ooru dúró. Ó ń fi awọ fẹ́lẹ́ bo irun, kí ooru lè máa wọlé díẹ̀díẹ̀, kí irin lè máa yọ̀ lórí irun láìtu ìpẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fi í sí, tó wá gbé irin dé dígírì 230, kò tíì dáàbò bo nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ sì ni omi fífọ́n tí kò tíì gbẹ kí irin tó dé ń sọ irun di tútù padà. Òrí àti òróró àgbọn kò lè rọ́pò rẹ̀. Òrí, tí igi rẹ̀ ń hù ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Kwara, dára fún títọ́jú irun lẹ́yìn tó bá ti fọ̀. Òróró àgbọn, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí kan tó jáde ní 2003 ṣe fi hàn, ń dín purotéènì tí irun ń pàdánù kù bí wọ́n bá fi pa á ṣáájú fífọ̀. Ṣùgbọ́n òróró àgbọn tí wọn kò fọ̀ mọ́ nílé iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín ní nǹkan bí dígírì 177, irun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gbà nínú ooru náà.

Irin tó ní nọ́ńbà ìwọ̀n ooru lójú dára ju èyí tó ní iná pupa kan ṣoṣo lọ, nítorí iná pupa ń sọ pé irin ń gba iná ni, kò sọ bó ti gbóná tó. Irun tẹ́ẹ́rẹ́, irun aláró àti irun tó ti rí reláásà kò yẹ kó rí ju dígírì 150 lọ. Irun líle tí kò rí kẹ́míkà kankan lè gbà tó 180, kò sì sí èrè kan tó wà lókè ibẹ̀. Ẹni tí irin rẹ̀ kò ní nọ́ńbà lè fi í há tíṣù funfun fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan: bí tíṣù bá pọ́n, irin ti gbóná jù. Kí ìdì irun má fẹ̀ ju ìka kan lọ, kí irin má dúró lójú kan, kó kọjá lẹ́ẹ̀kan, bó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀mejì. Irin tí ọ̀dà ojú rẹ̀ ti ń ṣí kò yẹ fún orí ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí ibi tó ṣí máa ń gbóná ju ibòmíràn lọ, ó sì ń há irun já.

Ìṣọ́ra yìí kan irun tí a rà náà. Wíìgì irun ènìyàn kì í gba òróró láti awọ orí, kì í sì í hù, nítorí náà ohun tí ooru bá bà jẹ́ lára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àtáṣímẹ́ǹtì jẹ́ oríṣi rọ́bà, yóò sì yọ́ mọ́ irin àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí i lára pé ó lè gba ooru.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irin ti ba irun òun jẹ́ lè fi omi lásán rin ín: ìdì tó bá wà ní nínà, tí àwọn tó yí i ká sì ti ká, ti bàjẹ́. Ìtọ́jú alápurotéènì lè dí ihò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, fífọ̀ yóò sì gbé e lọ. Nítorí pé irun kì í sábà gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lóṣù, ẹni tí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ìparí irun rẹ̀ ti bàjẹ́ yóò nílò ju ìdajì ọdún lọ, tí onídìrí yóò máa gé díẹ̀ kúrò nígbàkigbà tó bá wá, tí wọn yóò sì máa fi òwú na èyí tó ń hù dípò irin, títí ọjọ́ tí omi yóò kan gbogbo orí náà tí gbogbo rẹ̀ yóò sì ká padà.