Ìṣẹ́jú Mẹ́jọ ní Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá

Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jẹ́ aláìsàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìjàyè. Ní òwúrọ̀, mo lè jẹ́ bàbá arúgbó tí àyà ń dùn. Bí ó bá di ọ̀sán, mo di ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ara gbígbóná. Ní alẹ́, n ó di ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ mọ ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ dókítà, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò wọlé, yóò sì sọ orúkọ rẹ̀ fún mi bí ẹni pé a kò mọ ara wa rí. Fóònù tí a gbé sórí tábìlì ni ó ń ka àkókò. Bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ bá pé, fóònù á dún, ẹ̀gbọ́n mi á sì dìde, ìbáà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu mi.

Apá kejì ìdánwò PLAB ni ó ń múra sílẹ̀ fún. Àjọ GMC, tí ó ń mójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà ní Ìlú Ọba, ni ó gbé ìdánwò náà kalẹ̀ fún àwọn dókítà tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ mìíràn. Orí ìwé ni wọ́n ti ń ṣe apá kìíní, ènìyàn sì lè ṣe é ní Nàìjíríà níbí. Ṣùgbọ́n Manchester nìkan ni wọ́n ti ń ṣe apá kejì. Aláìsàn 16 ni dókítà yóò bá pàdé níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n ń ṣe bí aláìsàn ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ẹni tí yóò fún un ní máàkì sì ń wò ó. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí ó ṣe ń wádìí àìsàn, bí ó ṣe ń ṣètò ìtọ́jú, àti bí ó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Irú ìdánwò báyìí kò tíì pẹ́ láyé púpọ̀. Ní ọdún 1975 ni Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dundee, ní ilẹ̀ Scotland, kọ̀wé nípa rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, orí ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe é: ẹnìkan lè pàdé aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn, kí ẹlòmíràn pàdé èyí tí ó ta kókó. Harden ní kí gbogbo wọn gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Àwọn ilé-ìwé ìṣègùn wa ní Nàìjíríà náà ń lo ọ̀nà yìí lónìí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan, kò sì yege. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́. "Mo mọ àrùn tí ó ń ṣe wọ́n," ni ó wí fún mi. "N kò kàn jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán ni." Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ní ilé ìwòsàn tí ó ti ń ṣiṣẹ́, èrò a máa kún gbàgede kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí dókítà bá jẹ́ kí aláìsàn kan rojọ́ tán, aláìsàn méjì lè padà sílé láìrí i. Ìkánjú yìí ti wọ̀ ọ́ lára.

Ó ti kọ́ àwọn gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sórí bí ẹni kọ́ àdúrà. Èmi tí mo kàwé nípa èdè Yorùbá ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe é ní èdè wa ná." Ibi ìròyìn búburú ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ó mọ bí a ṣe ń túfọ̀ nílé wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tí ó wà lórí ìdúró. A ó ní kí ó jókòó, a ó wá ẹni tí yóò jókòó tì í, a ó sì máa tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń retí ní Manchester kò jìnnà sí èyí. Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àṣà wa ni ó bá tiwọn mu. Nígbà tí mo ṣe ọmọkùnrin tí ó ń bẹ dókítà pé kí ó má sọ fún ìyá òun pé jẹjẹrẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó rántí: ní ọ̀hún, aláìsàn ni ó ni ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ̀, kò sí ọmọ tí ó lè fi pa mọ́ fún un.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn mi há. Màmá, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní àwọn yóò ṣe aláìsàn náà. Orí fífọ́ ni a yàn fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó béèrè bóyá ojú wọn ń ṣú. Ó wá bi wọ́n pé, "Kí ni ó ń dààmú yín nípa oògùn tí ẹ ń lò?"

Màmá kò dáhùn. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu láti béèrè nǹkan mìíràn, tí ó sì pa á dé. Ó dákẹ́. Màmá gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Mi ò lo oògùn yẹn mọ́," ni wọ́n wí. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Owó rẹ̀ ti ga jù, ìwọ náà sì ń tu owó jọ fún ìdánwò. Mi ò fẹ́ di ẹrù lé ọ lórí."

Fóònù dún. Kò sí ẹni tí ó dìde.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ wọn apá wọn, 178 lórí 104 ni ó kà. Àìsàn yìí kì í sábà pariwo. Ara ẹni lè le títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé. Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi sì ń bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Láràárọ̀ ni wọ́n ń dáhùn pé, "Mo ti lò ó." Ìbéèrè náà ti gbé ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́ wá.

Mọ́níyà ni mo ti ra oògùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi bá dókítà tí ó ń tọ́jú Màmá sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi èyí tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Màmá gbà á, wọ́n sì béèrè pé, "Bí o bá wá yege, ta ni yóò máa bi mí?"

Ìbéèrè náà wúwo ní Ìjàyè. Nígbà ogun Ìjàyè, láàárín 1860 sí 1862, Adolphus Mann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ CMS rán wá, ni ó ń tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́ nínú ìlú. Ní ayé ìgbà náà, òkè òkun ni olùtọ́jú ti wá bá wa. Lónìí, àwọn ọmọ wa ni wọ́n ń kọjá lọ sí ọ̀hún. N kò lè dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi, n kò sì lè purọ́ pé kò dùn mí.

Ní oṣù tí ń bọ̀ ni yóò lọ sí Manchester. Èmi ni mo ti gba iṣẹ́ ìbéèrè náà. Ẹ̀yin tí òbí yín ń lo oògùn, ẹ má kàn bi wọ́n bóyá wọ́n ti lò ó. Ẹ béèrè ohun tí ó ń ni wọ́n lára nípa rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́ títí wọn yóò fi gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀.